“Ṣáà bá mi wò ó”: báwo lẹ ṣe ń dá ojúlùmọ̀ tó ń wá ìmọ̀ràn iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóhùn?

Awọnlẹ̀ Ọ̀yẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ulé. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe, sọ̀féyọ̀ tí gbogbo wa ń pè é. Ọ̀yẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa gbé mi dé Ìkọ̀lé, Ìfàkì àti Adó. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi ìnáwó òkú kan, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi nídìí tábìlì. Iyán ṣì wà níwájú mi. Ó na fóònù sí mi, ó ní, “Àbúrò, ṣáà bá mi wo pílánì ilẹ̀ yìí. Ṣé ó dáa?” Mo wò ó. Mo rí òǹtẹ̀ sọ̀féyọ̀, mo rí nọ́ńbà àwọn òkúta ààlà, mo rí i pé Zone 31, ìyẹn apá máàpù tí ilẹ̀ Èkìtì bọ́ sí, ni wọ́n kọ sí i bó ṣe yẹ. Mo ní, “Kò burú, ẹ̀gbọ́n.” Ni mo bá padà sídìí iyán mi. Gbogbo ẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé ìwé náà jọ ìwé gidi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ni pé kí òun lọ sanwó. Ó sanwó, ó mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ náà ká. Lóṣù tó kọjá, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sára fẹ́ǹsì náà pé inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ló wà. Ní báyìí, ibi tí ẹ̀gbọ́n bá dé, ohun tó ń sọ ni pé, “Mo fi han sọ̀féyọ̀ kí n tó rà á.” Èmi ni sọ̀féyọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ kì í dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ọ́n. Pílánì ilẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ló ń sọ. Kí a tó lè sọ pé ilẹ̀ kan dáa, a ó mú nọ́ńbà igun rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ní Adó, kí wọ́n gbé e lé orí máàpù wọn, kí a mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba tàbí ojú ọ̀nà tàbí orí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé ẹ̀rọ lọ sórí ilẹ̀ gan-an, kí a wá òkúta ààlà rí, kí a wọ̀n ọ́n. Àwọn kan a máa tẹ nọ́ńbà inú pílánì àtijọ́ sínú fóònù wọn, wọ́n á ní àwọ́n ti rí ibẹ̀. Ìṣirò tí a fi ṣe àwọn pílánì wa, ibi kan ní ìlú Minna ni orísun rẹ̀. Ti inú fóònù yàtọ̀ sí i. Bí ènìyàn kò bá kọ́kọ́ yí nọ́ńbà náà padà, ibi tí fóònù máa mú un lọ á fi ju ìbú púlọ́ọ̀tì kan lọ yà sí ibi tí ilẹ̀ wà. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló máa dúró sí tí á máa dúpẹ́.

Èyí tí mo sọ yìí, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Mo fi ìṣẹ́jú kan ṣe é nídìí iyán.

Ìbéèrè mi nìyí: ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é bí ojúlùmọ̀ bá ní kí ẹ “ṣáà bá òun wò ó”? Mi ò fẹ́ di ẹni tí kì í dá ènìyàn lóhùn. Mi ò sì fẹ́ kí irú èyí tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọmọ Àjílòsùn

Ẹ gbowó lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìjókòó lówó, ìdúró lówó. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á san án.

Lọ́yà Òkèṣà

Sọ̀féyọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín bà mí nínú jẹ́ torí ó ti ṣe mí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ló gbà wá.

Ní ọdún 2019, níbi ìgbéyàwó kan ní Ìyìn, ọkùnrin kan tí a jọ kàwé rí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ti ta ilẹ̀ ẹbí, ó ní ṣé àwọn lè gbà á padà. Mo tẹ́tí sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sọ èyí tí mo mọ̀. Kò pé oṣù kan, ẹni tó ra ilẹ̀ náà wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ní ọwọ́. Mo wo orúkọ ẹbí tó wà níbẹ̀, ara mi tutù. Mo ti gbọ́ àṣírí ẹnì kejì rẹ̀, mi ò lè gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ ilé ìwé mi tún wá pé kí n dúró fún àwọn, mo ní kó wá ẹlòmíràn, torí mo ti rí ìwé ẹni tí wọ́n fẹ́ pè lẹ́jọ́. Iṣẹ́ méjì bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn méjèèjì sì bínú sí mi. Ìdúró ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló fà á.

Ẹ sì wo ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀. “Wọ́n ta ilẹ̀ ẹbí, ṣé a lè gbà á padà?” Ó jọ ìbéèrè kékeré. Bí ẹni tó tà á kì í bá ṣe olórí ẹbí, títà náà kò sí lójú òfin rárá, bí ìgbà tí wọn kò tà á ni. Ṣùgbọ́n bí olórí ẹbí ló tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé mọ̀ sí i, títà náà dúró títí wọ́n á fi lọ sí kóòtù láti fagi lé e, bí wọ́n bá sì pẹ́ jù kí wọ́n tó lọ, ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdáhùn méjì tó yàtọ̀ pátápátá, orí ohun kan ṣoṣo ló sì dúró lé: ta ni olórí ẹbí lọ́jọ́ tí wọ́n tà á? Ẹni tó ń bi mí kò mẹ́nu kàn án. Kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dáhùn lórí ìdúró mọ́. Ẹni tó ń béèrè kì í mọ èyí tó yẹ kó sọ, àfi bí a bá jókòó, kí n máa bi í léèrè.

Ní ti ẹ̀bi tí ẹ ń bá ara yín wí, ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1963, Hedley Byrne ni orúkọ rẹ̀, tí àwọn lọ́yà ilẹ̀ wa náà kọ́ nílé ìwé. Àwọn adájọ́ sọ níbẹ̀ pé ẹni tó ní ìmọ̀ iṣẹ́, tó sì mọ̀ pé ẹlòmíràn máa gbára lé ọ̀rọ̀ òun, lè jẹ gbèsè àìkíyèsára bí kò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí ohun tí ènìyàn sọ lásán níbi àríyá. Ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ náà sì bọ́, torí ó ti sọ ṣáájú pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́rùn òun. Nítorí náà mi ò rò pé kóòtù kan máa mú yín nítorí ọ̀rọ̀ ìdí iyán. Àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe kóòtù ni kò jẹ́ kí ẹ sùn.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi á fẹ́ sọ ti òdìkejì, kí ẹ má bàa ti ilẹ̀kùn pa pátápátá.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan, obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ jókòó tì mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, kí ni mo lè lò sí orí fífọ́? Parasitamọ́ọ̀lù ò ṣe nǹkan kan.” Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé. Ó kù díẹ̀ kí n ní kó lọ rí dókítà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó ti wọlé sínú ẹran. Ojú rẹ̀ wú. Mo bi í bóyá ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó ní ó dà bí ẹni pé iná ń kọ mànà níwájú òun láti àárọ̀. Mi ò jẹ́ kó jẹun tán. Nígbà tí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó jẹ́ 170 lórí 110. Ó yẹ kó wà lábẹ́ 140 lórí 90. Èròjà tí kò yẹ kó wà nínú ìtọ̀ wà nínú tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún nìyẹn, èyí tó máa ń yọjú lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, tó máa ń di gìrì bí a bá fi falẹ̀, tó sì ń pa ìyá àti ọmọ. Ọmọ náà ti ń lọ ilé ìwé báyìí.

Bí mo bá ní “mi ò kì í ṣiṣẹ́ níbi ìnáwó” ńkọ́?

Nítorí náà, èmi kì í lé ìbéèrè padà. Mo máa ń gbọ́ ọ. Ohun tí mi ò kì í ṣe ni kí n dárúkọ oògùn. Mo máa ń sọ ibi tí ènìyàn máa lọ àti bó ṣe yẹ kó yá tó: lọ lónìí, lọ lọ́la, dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí o wò ó. Ìyẹn nìkan. Torí bí mo bá dárúkọ oògùn fún ẹnì kan lórí fóònù, kò ní pẹ́ kó tó di oògùn àdúgbò. Mo sọ oògùn ìrora kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan nítorí orúnkún rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún onílé rẹ̀, onílé sì ní ọgbẹ́ inú tí èmi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀jẹ̀ kú. Àwọn oògùn ìrora bíi díkílófẹ́náákì máa ń mú kí ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè. Onílé náà kò bi mí ní nǹkan kan, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló bá a nílé.

Abẹ́rẹ́ Ìkẹ́rẹ́

Tiwa tí a jẹ́ télọ̀ kì í ṣe ìmọ̀ràn, “ṣáà bá mi gé e” ni. Wọ́n á ní àwọn á rán an fúnra àwọn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, gígé ni iṣẹ́! Rírán, ọmọ iṣẹ́ mi tó ti lo oṣù mẹ́fà lè ṣe é. Bí mo bá fi ojú lásán gé aṣọ fún ẹni tí mi ò wọn ara rẹ̀, kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Mo gé ti ọ̀rẹ́ kan bẹ́ẹ̀, àyà fún un pa. Títí di òní, ó ń sọ pé mo ba léèsì òun jẹ́. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni, “Jókòó kí n wọn ẹ́.” Ẹni tí kò bá lè jókòó, kò ṣe tán.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Èmi náà ti ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà wọ́n ti bẹ̀ mí láti bá wọn kọ ìwé, láti bá ọmọ wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, láti bá wọn fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín tí ẹ̀yin tí a bí sí ìlú lè má mọ̀.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà rí ọwọ́ ẹlòmíràn lóko. Èkíní ni àáró. Èmi àti ìwọ àti àwọn mẹ́ta mìíràn, a ó kọ ebè lóko mi lónìí, lóko tìrẹ lọ́la, títí a ó fi yí i ká. Kò sówó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka la fi ń kà á. Ẹni tó jẹ àáró tí kò san án, gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ju agbára ènìyàn lọ, bí ẹni tó fẹ́ mọ ilé tàbí tó fẹ́ ṣe oko àna rẹ̀, á bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀. Kò ní sanwó, ṣùgbọ́n iyán á wà nílẹ̀, ẹmu á wà nílẹ̀, ẹran ìgbẹ́ á wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀ á sọ fún ọ ṣáájú ọjọ́, kí o lè ti iṣẹ́ tìrẹ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe. Ìyẹn, owó ni, a ó sì ti dá iye rẹ̀ kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ kàwékàwé ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn tó ń bi yín léèrè náà ti dà á pọ̀. Ẹnì kan wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀, kò sì se oúnjẹ. Ẹ̀yin náà fi ojú àgbàṣe wò ó, ẹ ò sì dárúkọ iye. Kí ni kò ní bàjẹ́ níbẹ̀?

Kódà ẹni tó lọ sọ́dọ̀ babaláwo láyé àtijọ́ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Owó ló máa mú, á sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, á sì fi lélẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Owó náà lè má tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló rán yín níwèé? Ní ilé wa, kòkó ọdún méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀ kí n lè wọ ilé ìwé gíga. Ìyàwó bàbá mi kejì, tí kì í ṣe ìyá mi, ta gèlè rẹ̀ kan torí owó ìwé. Bí ọmọ obìnrin náà bá wá bá mi lónìí pé kí n bá òun wo ìwé, ṣé kí n ní kó lọ san ₦5,000? Àáró ni mò ń san, mi ò sì tíì san án tán. Èkìtì kò di ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nípa kí olúkúlùkù dá rìn.

Ọmọ Àjílòsùn

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mo ti ka tiyín, mo sì gbà pé mo yára sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ènìyàn kọ́ ló ta gèlè fún wa. Èmi ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Ẹni tí a jọ pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ Adó sí Ìkẹ́rẹ́ á gba nọ́ńbà mi, ní alẹ́ ọjọ́ náà á ti máa fi fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ tó fọ́ ránṣẹ́. Àáró wo ni mo jẹ ẹ́?

Awọnlẹ̀ Ọ̀yẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti ń rò ó láti ìrọ̀lẹ́, ohun kan sì ti ń yé mi. Mo ti ń rò pé àṣìṣe mi ni pé mo ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti wọn ilẹ̀ ilé ìjọsìn wa lọ́fẹ̀ẹ́, mo wọn ti ìyá opó kan ní àdúgbò wa lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì lọ dáadáa, torí mo gbé ẹ̀rọ lọ, mo sì ṣe é bí mo ṣe ń ṣe ti ẹni tó sanwó. Ti ẹ̀gbọ́n yìí, àbọ̀ iṣẹ́ ni mo ṣe fún un, mo sì jẹ́ kó gbé e lọ bí odindi.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ló dá wa níjà. Àbọ̀ ni.

Olóúnjẹ Ìwòròkò

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń béèrè náà sọ̀rọ̀, torí gbogbo yín, ẹ̀yin tí wọ́n ń bi léèrè ni.

Oúnjẹ ni mò ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ojú ọ̀nà Ìwòròkò. Mo ti bi lọ́yà léèrè nídìí ìkòkò mi, mo ti bi nọ́ọ̀sì léèrè, mo ti bi àwọn tó ń kọ́lé léèrè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá wọ ọ́fíìsì yín, mi ò mọ̀ bóyá ₦5,000 lẹ máa gbà ni àbí ₦50,000, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dìde jáde bó bá ju agbára mi lọ. Ojú á tì mí. Èmi, bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ mi, mo máa ń sọ fún un: síbí ìrẹsì kan, iye báyìí, ẹran kan, iye báyìí. Ó lè ní òun fẹ́ ìrẹsì láìsí ẹran, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀yin kì í sọ iye tí tiyín jẹ́. Ẹ máa ń ní “má ṣe ìyọnu, a ó sọ ọ́.” Àwa ò lè sùn pẹ̀lú “a ó sọ ọ́.”

Ohun kejì: mi ò mọ̀ pé ìbéèrè mi tóbi. Bí mo bá mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni wíwo pílánì, ṣé màá na fóònù sí ènìyàn nídìí iyán? Ẹni tó ń ṣe é nìkan ló mọ̀ pé ó tóbi. Òun ló yẹ kó sọ ọ́.

Oníbàárà mi kan tó mọ̀ nípa ìṣirò owó jókòó pẹ̀lú mi ní ọjọ́ Sátidé mẹ́ta, ó kọ́ mi bí mo ṣe lè ya owó ọjà sọ́tọ̀ sí owó ilé. Kò gba owó. Ọdún yẹn, kò san owó oúnjẹ ní ìsọ̀ mi. Àwa méjèèjì kò sọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé àáró ni wọ́n ń pe ìyẹn títí Bàbá fi kọ ọ́.

Dókítà Ẹran Ìkọ̀lé

Ìyá, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ nípa iye yẹn, mo ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n máa ń fi fọ́tò adìẹ tó ti kú ránṣẹ́ sí mi. “Dókítà, oògùn wo ni ká rà?” Bó bá jẹ́ àrùn Newcastle ló wọ ibẹ̀, kò sí oògùn tó ń wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, kí àrùn tó dé ni a sì ń fún un. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, mi ò lè mọ̀ ọ́n nínú fọ́tò, àfi kí wọ́n gbé òkú adìẹ náà wá kí n là á wò. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti ra oògùn olówó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó sọ orúkọ kan fún wọn, ọgọ́rùn-ún méjì adìẹ á sì ti lọ.

Mo wá lẹ ìwé kan mọ́ ara ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi. Ọjọ́ Sátidé, láti aago méjì sí mẹ́rin, ẹnikẹ́ni lè wá bi mí ní ohunkóhun lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè gbé òkú adìẹ wá pàápàá. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè sí Fúráídé, iye báyìí ni bí mo bá wá sí oko yín, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá pè mí lálẹ́, màá ní, “Ẹ gbé e wá ní Sátidé, tàbí kí n wá lọ́la fún iye tó wà lára ilẹ̀kùn.” Kò sí ẹni tó tíì bínú. Àwọn tí kò lówó ń wá ní Sátidé, mo sì ń fi gbogbo ara dá wọn lóhùn torí àsìkò tiwọn ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ti Sátidé yẹn dáa púpọ̀. Àwa ò lè ṣe é torí àìsàn kì í dúró de Sátidé, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ yín, ó dáa.

Ọmọ Àjílòsùn

Èmi náà máa kọ tèmi sára ìsọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an ńkọ́? Bí àna mi bá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ni kí n sọ tí kò ní dà bí ẹni pé mo gbéraga?

Lọ́yà Òkèṣà

Ẹ̀rù àna ló ń bà yín, ó sì yẹ kó bà yín. Èyí tí èmi ń sọ nìyí. Fún àgbà tàbí àna, mo máa ń kúnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣáájú: “Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, sà. Ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí mo lè fi ìdúró dáhùn lọ, mi ò sì fẹ́ ṣì yín lọ́nà. Ọjọ́ wo ni kí n wá bá yín nílé?” Ẹ kíyè sí i pé èmi ni màá lọ bá wọn. Àna ni. Bí mo bá sì dé ibẹ̀, wọ́n á ti kó ìwé jáde, wọ́n á ti pe ẹ̀gbọ́n tó mọ ìtàn ilẹ̀. Iṣẹ́ gidi la máa ṣe, màá sì sọ ṣáájú bóyá ọ̀fẹ́ ni tàbí kò rí bẹ́ẹ̀.

Fún ojúlùmọ̀ lásán: “Ó dáa kí ẹ wá sí ọ́fíìsì. ₦5,000 ni fún wákàtí àkọ́kọ́. Bí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ sọ fún mi.” Ẹni tí kò bá ní, mo máa ń tọ́ka rẹ̀ sí Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti ọdún 1976 láti máa ran àwọn tí kò lówó lọ́yà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ pé ó wà.

Bí mo bá sì ti sọ nǹkan kan tán, bó tilẹ̀ kéré, mo máa ń ní: “Mi ò tíì rí ìwé kankan o. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi yìí san owó.” Bí sọ̀féyọ̀ bá sọ èyí nìkan lọ́jọ́ yẹn, à bá má wà níbí.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Sọ̀féyọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ ti ní ẹ fẹ́ mọ bí ẹ ó ṣe ṣe é fún àwọn tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn ńkọ́? Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

Awọnlẹ̀ Ọ̀yẹ́

Ọjọ́ mẹ́jọ ti kọjá tí mi ò kọ nǹkan kan síbí. Ẹ má bínú. Ìbéèrè Bàbá ni mo lọ dáhùn.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ní ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mi ò bá a jiyàn ohun tí mo sọ tàbí tí mi ò sọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ yẹn, mo wo ìwé, mi ò wo ilẹ̀. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mi ò sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe é bó ṣe yẹ. Mi ò ní gba owó iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa san owó tí wọ́n bá gbà ní ọ́fíìsì.” Ó wò mí títí. Ó ní ó dáa.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú nọ́ńbà náà lọ sí Adó, wọ́n sì gbé e lé orí máàpù. Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀rọ lọ sórí ilẹ̀. Mo bá òkúta ààlà mẹ́ta, ìkẹrin ti sọnù sábẹ́ fẹ́ǹsì. Púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 ni, nǹkan bíi 669 mítà níbùú lóròó. Ìhà ẹ̀yìn rẹ̀ ló bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, ó fẹ́ẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Iwájú wà níta. A lè fa fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wá síwájú, kí a tún pílánì mìíràn ṣe fún èyí tó kù. Kì í ṣe ìròyìn tó dùn, ṣùgbọ́n kò tó ohun tó ti ń rò, torí ó ti gbà pé gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Mo tẹ́ pépà náà sórí tábìlì nílé wọn, mo fi bírò tọ́ka ibi tí ààlà gbà kọjá. Ó bi mí ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, mo dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, èyí tí mi ò mọ̀, mo sọ pé lọ́yà ló máa sọ ọ́. Ẹbí tó tà á fún un wà ní ìlú, ó sì fẹ́ lọ bá wọn nítorí owó ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn. Ó ní kí n bá òun lọ, kí n lè fi pépà hàn wọ́n. Ọjọ́ Sátidé yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù wá, ó gbé e sí ọ̀tún mi. Kò sọ nǹkan kan. Mo mu ún tán.